Ìbídùn Kò Sùn Lóru

Libreville,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọdún 1978

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí bàbá, mo kí gbogbo ará ilé. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti ń kúrò nílẹ̀ ní Savè báyìí, àwọn àpáta òkè yóò sì ti máa gbóná mọ́ ẹsẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ bàbá ti fúyẹ́? Ṣé iṣu tí ẹ kó wálé láti Bessé dára lọ́dún yìí? Ara àwa náà le. Barthélemy ọkọ mi ní kí n kí yín dáadáa.

Ìyá mi, mo ní ara wa le, n kò sọ pé a ń sinmi. Ọmọ-ọmọ yín kò sùn lóru. Láti ìgbà tí mo ti bí Ìbídùn ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọmọ tuntun ni, kí n ṣe sùúrù, yóò yí padà. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, kò yí padà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú rẹ̀ á là. Á jẹ ọmú díẹ̀, á sùn díẹ̀, á jí, á ké. Bí mo bá gbé e, á dákẹ́. Bí mo bá fi í lélẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan la ní, pákó ló sì wà láàárín àwa àti àwọn tó kù nínú ilé. Ọkùnrin tó ń gbé ní apá ọ̀tún wa máa ń fi ọwọ́ lu pákó náà. Bí mo bá kí i láàárọ̀, kì í dá mi lóhùn.

Barthélemy ń jáde lọ síbi iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ilé gíga ni wọ́n ń kọ́, orí àkàbà ló máa ń wà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi ti ẹni tó jókòó sínú èéfín. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Marie, onílé wa, obìnrin ará ìlú yìí tó ti ń dàgbà díẹ̀, ní kí n wá ibùsùn tirẹ̀ fún ọmọ, kí n má máa sáré gbé e ní gbogbo ìgbà tó bá ké. Barthélemy kan ibùsùn kékeré kan fún un. A ti gbìyànjú rẹ̀. Kò tíì so èso kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọmọ mẹ́fà, kí ni ẹ ń ṣe fún wa nígbà náà? Ẹ sọ fún mi. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tiẹ̀ wá. Ẹ wá bá mi gbé e fún ìgbà díẹ̀, kí n sùn. Ẹ dákun, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó fèsì. Lẹ́tà tí mo kọ nígbà tí mo bímọ, ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó gbọ́ yín. Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi pé n kò wálé wá bímọ.

Ọmọ yín,
Hélène


Savè,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, ọdún 1978

Hélène ọmọ mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìbídùn tí n kò tíì fojú rí. Bàbá rẹ ní kí n kí yín. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ó ń fi ọ̀pá rìn dé ìdí igi kajú, ó ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ràdíò rẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Iṣu dára.

O béèrè bóyá mo bínú. Mo bínú. Àkọ́bí rẹ, o lọ bí i láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí lẹ́tà mi pẹ́, ọ̀nà ló jìn.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn tí o sọ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa. Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ oṣù mẹ́ta ń dá sùn? Ọmọ tó gbé inú rẹ, tó ń gbọ́ bí àyà rẹ ṣe ń lù tọ̀sán-tòru, o wá tẹ́ ẹ sórí pákó, o ń wò ó kí ó máa ké. Nínú ilé wa, kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo gbé ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi títí mo fi lóyún àbúrò rẹ.

Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Fi òrí pa á lára, kí o rọra fi ọwọ́ wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún un lọ́mú kí ó yó, má ṣe jẹ́ kó máa fà á kó máa sùn. Gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀. Lẹ́yìn náà, pọ̀n ọ́n. O kò sì sọ ohun tó ń ṣe lọ́sàn-án fún mi. Ṣé ó ń sùn? Níbo ló ń sùn? Bí o bá fẹ́ kí n bá ẹ ronú, kọ gbogbo rẹ̀.

Ní ti wíwá mi, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti béèrè ìwé ìrìnàjò. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ pè mí ní kámáràdì. Mo ní mo mọ ìyá rẹ̀, a jọ ń lọ sí ọjà Ofè ni. Ó ní kámáràdì ni gbogbo wa báyìí, pé bí ìjọba ṣe ní kí a máa pe ara wa nìyẹn. Ó ní kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ rìnrìn àjò. Mo ní ọmọ-ọmọ mi kì í sùn lóru. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdí. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Élisabeth


Libreville,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ọdún 1978

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Lẹ́tà yín dé. Mo kà á tán, mo sunkún, mo tún un kà. Ẹ kọ̀wé bí ẹni pé mo gbé ọmọ jù sínú igbó. Ibùsùn tí Barthélemy kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bí mo bá na ọwọ́, mo lè kan ikùn rẹ̀. N kò jókòó rí kí n máa wò ó kó máa ké. Ká ní mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bóyá kì bá tí rẹ̀ mí tó báyìí.

Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe lọ́sàn-án. Ó ń sùn. Mo máa ń pọ̀n ọ́n nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, tí ara mi ń mì díẹ̀díẹ̀, kò ní pẹ́ tí orí rẹ̀ á fi ṣubú lé mi lẹ́yìn. Àwọn tó ń kó aṣọ wá á máa sọ pé ọmọ yìí mà tutù o, kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Mo máa ń wò wọ́n, n ó tún máa tẹ ẹ̀rọ mi lọ.

Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi òrí pa á, ó jẹ, ó yó, ó gùfẹ̀. Ó kọ́kọ́ sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ó padà síbi tó wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ayùn gé Barthélemy lọ́wọ́. Ó tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìka méjì ni wọ́n rán fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí òun bá tún rí i kó máa tòògbé, kó má wulẹ̀ padà wá. Nígbà tó dé ilé, kò bínú. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó wo ọmọ, ó ní, "Ìbídùn, kí la fi ṣẹ̀ ẹ́?" Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí ju kí ó pariwo lọ.

Marie gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mú síróò kan wá nínú ìgò kékeré, oògùn ikọ́ ọmọdé tó dùn lẹ́nu. Ó ní òun fún àwọn ọmọ tòun náà nígbà tí wọ́n kéré, pé ó máa ń mú wọn sùn. Mo fún un ní ààbọ̀ ṣíbí. Ìyá mi, ó sùn dé òwúrọ̀. Gbogbo wa sùn. Mo jí, mo rí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, n kò kọ́kọ́ mọ ibi tí mo wà. Barthélemy lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ọkùnrin apá ọ̀tún sì dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i.

Nítorí náà, ẹ má dààmú lórí ìwé ìrìnàjò mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ọmọ yín,
Hélène


Savè,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin, ọdún 1978

Hélène,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo bá a kẹ́dùn ọwọ́ rẹ̀. N kò ní kí pẹ́ lónìí, nítorí mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Cotonou.

Má fún ọmọ náà ní síróò yẹn mọ́. Dà á nù. Má ṣe fi í pamọ́ de ọjọ́ mìíràn, dà á sílẹ̀ kí ìgò náà ṣófo. Mo mú lẹ́tà rẹ lọ bá agbẹ̀bí ilé ìwòsàn wa, mo kà á fún un. Kò jẹ́ kí n kà á tán tó fi ní kí n kọ̀wé sí ẹ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò tíì lè jókòó, oògùn yẹn lè mú kó gbàgbé láti mí. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Obìnrin tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn oorun, oorun tirẹ̀ ló ń wá. Jìnnà sí i.

Agbẹ̀bí náà sọ ohun kan tí èmi náà ti rò nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Ọmọ yẹn ti sùn tán lẹ́yìn rẹ lọ́sàn-án. Kí ló kù tí yóò sùn lóru? Ìwọ lo ń fi ẹsẹ̀ rẹ rẹ̀ ẹ́ sùn látàárọ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Jẹ́ kó rí ojúmọmọ, bá a sọ̀rọ̀, bá a ṣeré. Bí ọ̀sán bá pọ́n, jẹ́ kó sùn, ṣùgbọ́n jí i kí oòrùn tó wọ̀.

Bí lẹ́tà yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, fèsì ní ọjọ́ náà gan-an. Bàbá rẹ ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá nǹkan kan ti dé.

Ìyá rẹ


Libreville,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ọdún 1978

Ìyá mi,

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, Ìbídùn wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ẹ kọ́kọ́ gbà á bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà yín dé lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ó ti ń sùn, a ti ń sùn, inú wa dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dìde, mo dá iná, mo ṣe oúnjẹ Barthélemy, ó jáde lọ. Ọmọ kò jí. Mo ní kó sinmi. Oòrùn gòkè. Wàrà ti ń dà sí mi láṣọ. Mo lọ gbé e, ọrùn rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn bíi ti ọmọ tuntun. Mo pè é, mo gbọ̀n ọ́n, ó la ojú díẹ̀, ó pa á dé. Ètè rẹ̀ kò ní àwọ̀.

N kò mọ bí mo ṣe ké. Marie ló gbà á lọ́wọ́ mi. Obìnrin yẹn sáré láìwọ bàtà títí dé ilé ìwòsàn, èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, n kò lè bá a. Ó ń sunkún bó ṣe ń sáré. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tí ọmọ jẹ, òun ló sọ̀rọ̀, ó ní òun ni kí wọ́n mú, kì í ṣe èmi. Wọ́n dá wa dúró síbẹ̀ títí ó fi jí, tó sì fà mí lọ́mú. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí i yẹn mọ́. Ẹ̀yin jìnnà. Ẹ kò gbọ́ igbe Ìbídùn ní gbogbo òru wọ̀nyẹn. Òun gbọ́ ọ.

A ti da síróò náà nù. Agbẹ̀bí ibí sọ ohun tí tiyín sọ, àfi pé èdè Faransé ló fi sọ ọ́. Mo ń tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ báyìí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo fún un ní àjákù aṣọ aláràbarà, ó ń fà á, ó ń kẹnu bọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó wẹ̀ ẹ́, n ó fún un lọ́mú, a ó dín iná kù, n ó tẹ́ ẹ nígbà tí oorun ti ń kùn ún ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò tíì pa dé. N ó fi ọwọ́ lé e láyà. Bí ó bá ké, n ó dúró díẹ̀, nítorí ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ó kàn ń ráhùn ni, á sì tún sùn. Bí kì í bá ṣe ìráhùn, n ó gbé e. Lẹ́yìn ìgbà tó bá ti yó, Barthélemy ni yóò dìde sí i bó bá tún jí, kó má baà máa gbóòórùn wàrà lára mi.

Àwọn òru àkọ́kọ́ le. Ó bínú sí wa. Ní báyìí, Ìyá mi, àkùkọ ló ń jí i. Àkùkọ Marie.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ràn. Nínú ọjà, obìnrin kan tó máa ń ta ẹja fún mi béèrè bóyá ará Dahomey ni mí, bí wọ́n ṣe ṣì ń pe Benin wa níbí. Mo ní ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní kí n lọ ra ẹja níbòmíràn. Barthélemy ní ọ̀rọ̀ òṣèlú láàárín olórí wọn àti tiwa ni, yóò kọjá lọ.

Ọmọ yín,
Hélène


Savè,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ọdún 1978

Hélène ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà ti dé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Mo fẹ́ fara balẹ̀ fèsì sí i, kí n bẹ̀ ọ́ kí o bá mi kí Marie, kí n sì di òrí díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo fi í falẹ̀. Ǹ bá ti kọ ọ́ ní ọjọ́ náà.

Bàbá rẹ gbọ́ ọ lórí ràdíò pé wọ́n ń lé gbogbo ará Benin kúrò ní Gabon. Ó pè mí wá sí ìdí igi kajú, ó ní kí n jókòó, èmi náà gbọ́ ọ. Wọ́n ní wọ́n ń lu àwọn èèyàn wa, wọ́n ń kó ẹrù wọn. Níbo lẹ wà? Ṣé ilé yín ni ẹ wà tàbí ẹ ti kúrò? Ṣé ọkọ rẹ wà pẹ̀lú rẹ? N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń pín lẹ́tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè jókòó kí n má kọ nǹkan kan.

Bí o bá rí ọ̀nà, fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, fi ìkòkò sílẹ̀, gbé ọmọ.

Ìyá rẹ


Savè,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, ọdún 1978

Hélène,

Mo ń fi èyí ránṣẹ́ sí François, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Cotonou, kí ó máa mú un lọ́wọ́ bó bá ń lọ wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ti rí ọmọ Antoine aránbàtà, ó ti rí àwọn ará Ofè méjì. Kò tíì rí yín.

Bàbá rẹ kì í pa ràdíò mọ́. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá ń ka èyí, a jẹ́ pé o ti dé. Jẹ́ kí n mọ̀.

Ìyá rẹ


Cotonou,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, ọdún 1978

Ìyá mi,

Èmi àti Ìbídùn ti dé. François fi lẹ́tà yín lé mi lọ́wọ́ níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀, kí n tó rí ibi jókòó. Ẹ sọ fún bàbá.

Barthélemy kò tíì dé. N kò mọ ibi tó wà.

Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí n má baà ní láti fi ẹnu sọ ọ́ nígbà tí a bá ríra. Ní ọjọ́ tí ìjà dé àdúgbò wa, Barthélemy ti lọ síbi iṣẹ́. Ní ọ̀sán a gbọ́ ariwo lójú títì. Wọ́n ń wọ ilé tí wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ń gbé. Ọkùnrin apá ọ̀tún jáde, ó wò mí, ó wo ọmọ, ó padà wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Títí di òní n kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Marie fà mí lọ́wọ́, ó mú wa wọ inú yàrá tó ń kó gbágùúdá sí, ó ní kí a jókòó sílẹ̀ sẹ́yìn àwọn àpò.

Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àkókò tí Ìbídùn máa ń wẹ̀ kọjá, n kò wẹ̀ ẹ́. Àkókò tó máa ń sùn kọjá, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò mí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin nínú àgbàlá. Marie wọlé wá bá wa, ó mú ìgò kan lọ́wọ́. Síróò yẹn ni, tuntun.

"Fún un," ó ní. "Díẹ̀ péré. Bí ó bá ké, wọn yóò wọlé."

Mo ní, "Bí kò bá jí ńkọ́?"

Ó nà án sí mi. Mo gba ìgò náà, mo ṣí i. Ìyá mi, mo fẹ́ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ya ẹnu bó ṣe máa ń ya á fún ọmú, láìbẹ̀rù. Mo dé ìgò náà, mo gbé e sílẹ̀. Mo fún un lọ́mú. Wàrà kò wá. Ẹ̀rù ti gbé e lọ. Ó fà á, ó fà á, ó jù ú sílẹ̀, ó sì figbe bọnu.

Ìró ẹsẹ̀ dúró níta. Marie wò mí. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó jáde lọ bá wọn.

N kò lè tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti jí ọmọ-ọmọ mi báyìí. Eyín ń hù ú lẹ́nu, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, ẹ wá ń pariwo. Ta ni yóò bá mi rẹ̀ ẹ́? Ṣé ìwọ ni?"

Ọkùnrin kan béèrè àwọn ará Dahomey tó ń gbé ilé yìí.

"Wọ́n ti lọ. Yàrá wọn nìyẹn, ẹ wọ̀ ọ́."

Wọ́n wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi jáde. Mo ń gbọ́ Marie tó ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú wọn, ó ń gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, ó ń kọrin kan ní èdè wọn. Ìbídùn dákẹ́ sí i láyà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn àpò, èmi ni mo ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi aṣọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n fún mi, ó mú wa lọ síbi tí àwọn ṣọ́jà ń kó àwọn èèyàn wa jọ sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọn kò ti ń lu ènìyàn. A sùn lórí símẹ́ńtì. Mo béèrè Barthélemy lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní òun rí i nínú ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn, pé ẹ̀jẹ̀ wà ní orí rẹ̀ ṣùgbọ́n ó jókòó. Ìyẹn ni mo mọ̀. Àwa ìyá ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfúrufú kó.

Ìbídùn ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí mo bá ti fún un lọ́mú, ó di òwúrọ̀, àfi bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni n kì í sùn. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé François, nítorí ibí ni Barthélemy yóò kọ́kọ́ wá, kò sì mọ ilé náà dáadáa. Ẹ má ní kí n wá sí Savè. N kò ní wá títí yóò fi dé.

Hélène


Savè,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọdún 1978

Hélène ọmọ mi,

Mo kà á fún bàbá rẹ. Ó pa ràdíò.

N kò ní sọ pé kí o wá. Èmi ni mo ń bọ̀. Cotonou kò béèrè ìwé ìrìnàjò lọ́wọ́ mi. Alimatou tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa yóò máa se oúnjẹ fún bàbá rẹ, bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa lọ, ó ní ẹsẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí. N ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó bá tẹ̀ lé èyí tó gbé lẹ́tà yìí.

Ìyá rẹ


Cotonou,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ, ọdún 1978

Bàbá Hélène,

Mo kí yín, mo kí Alimatou, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ìdí igi kajú lọ lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.

Ọmọ yín gbẹ. Nígbà tí mo dé, ó dìde kí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì ń wo ọ̀nà lórí èjìká mi. Ìbídùn sanra, ó ní iwájú orí yín. Ó kọ́kọ́ kọ̀ mí, nígbà tó yá ó fa gèlè mi, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìjà la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Hélène lọ sùn, kó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún mi. Ó ní n kò mọ ìró ẹsẹ̀ Barthélemy. Mo ní n kò nílò láti mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá kan ìlẹ̀kùn, n ó ṣí i. Ó ní bí n bá tòògbé ńkọ́? Mo ní mo tọ́ ọmọ mẹ́fà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí báyẹn, a jọ ń wo títì. Ó ti sú François àti ìyàwó rẹ̀ Germaine, wọ́n lọ sùn. Lánàá, lẹ́yìn tí Hélène fún ọmọ lọ́mú, ó wá jókòó tì mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé orí lé mi lórí itan. Ó ní òun kò sùn o, òun kàn fi orí lélẹ̀ ni. Mo fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ fi wúwo. Germaine bá mi gbé e wọlé, a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Barthélemy ni. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá. Ó rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, aṣọ kan wà ní orí rẹ̀ tí wọ́n fi di egbò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú iyanrìn. Ó ní, "Ìyá, àwọn ńkọ́?" Mo fi hàn án.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wò wọ́n títí. Mo ní, "Jẹ́ kí n jí i. Ìwọ ló ń dúró dè." Ó mi orí. Ó jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ wọn, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri.

Ìbídùn ló kọ́kọ́ jí. Ó rí onírùngbọ̀n tí kò mọ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Barthélemy gbé e kíákíá kí igbe náà tó jáde, ó sì sáré gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ní ìdí àgbọn, kó máa ké síbẹ̀. Ó ké o. Ó ké títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Bàbá rẹ̀ ń rìn yí igi náà po, ó ń bẹ̀ ẹ́, ojú òun náà ń ṣomi.

Oòrùn ti gòkè bí mo ṣe ń kọ èyí. A ó wá bá yín ní Savè, gbogbo wa. N kò tíì mọ ọkọ̀ ojú irin tí a ó wọ̀, nítorí n kò tíì lè béèrè lọ́wọ́ Hélène. Ó ṣì ń sùn.

Élisabeth